Mo Gbé Àdúrà Obìnrin Mọ́kànlá Lọ sí Pápá Bọ́ọ̀lù

Mo parọ́ fún ìyá mi, mọ́sálásí ni mo sì fi bo irọ́ náà mọ́lẹ̀. Mo ti sọ ọ́ o. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò sunkún fún yín láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn, nítorí ohun tí mo lọ ṣe kò dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo gbé dání lọ ló dùn mí.

Àbdùlgàfár lorúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí àwọn òbí mi tó mú mi wá sí Kánádà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé Yorùbá ṣì dá lẹ́nu mi. Georgetown là ń gbé, lẹ́yìn ìlú Toronto. Dádì mi, Alhaji Ràsákì, ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Mọ́mì mi, Morufat, ń tọ́jú àwọn aláìlera nílé ìtọ́jú kan ní Port Credit.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, kí n máa já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ àwọn tó ga jù mí lọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ní mọ́sálásí wa, Básíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ò tilẹ̀ mọ orúkọ mi gan-an.

Lẹ́yìn ìdíje tó kẹ́yìn ní oṣù Kejì ọdún 2025, kóòṣì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní òun ò ní tàn mí jẹ. Ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íńṣì mẹ́rin ni mo ga, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi fi odindi orí kan ga jù mí lọ. Ó ní ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Mo wolẹ̀.

Ó wá ní ẹnì kan ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ló rán an. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ mọ̀ o. Èyí tí àwọn ará ibí fẹ́ràn ni mò ń sọ, tí wọ́n máa ń dé akoto, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣóńṣó lórí ṣóńṣó nídìí, tí èèyàn á gbé e mọ́yà sáré, tí àwọn tó tóbi bí ìlẹ̀kùn á sì fò mọ́ ọn láti gbé e lulẹ̀. Dádì mi ló sọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù alákoto, orúkọ yẹn náà ni mo máa lò. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá ní ọwọ́ mi dára, èjìká mi dára, mi ò sì bẹ̀rù àtiwọ àárín èrò. Wọ́n fẹ́ kí n wá ṣe ìdánwò ní pápá abẹ́ òrùlé kan nítòsí Oshawa, lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta.

Inú mi dùn dé ibi tí mo gbàgbé irú ìyá tí mo ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín Mọ́mì àti bọ́ọ̀lù yẹn. Lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ní Port Credit, ọkùnrin kan wà tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Bọ́ọ̀lù alákoto ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gbá. Wọ́n ní orí tó ń fi lu orí ló sọ ọ́ dà báyìí. Kò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Àràárọ̀ ni Mọ́mì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí mú.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, Mọ́mì gbé ìkòkò ògì kalẹ̀ lórí sítóòfù, wọ́n sì kọjú sí mi.

“Wo ojú mi dáadáa. Bọ́ọ̀lù yẹn ò ní wọ ilé yìí. Kí n máa kọ́ ọmọ ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí mú láàárọ̀, kí n wá máa kọ́ tèmi lálẹ́?”

Mo ní, “Mo gbọ́, Mà.”

Ẹ̀yin náà kúkú mọ “mo gbọ́” tí ọmọ Yorùbá máa ń sọ. Ó túmọ̀ sí pé etí òun ò di ni. Kò sọ pé òun ti gbà.

Mo pe Táyọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé girama, tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Courtice. Òun ti gbá bọ́ọ̀lù alákoto rí kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ ju pé kí n mú bọ́ọ̀lù lọ. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ mẹ́fà gbáko, òun á kọ́ mi débi tí ojú ò fi ní tì mí.

Ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ wo bó ṣe rọrùn lẹ́nu. Georgetown wà ní ìhà kan Toronto, Courtice wà ní ìhà kejì, kò sì sí bí mo ṣe lè máa lọ kí n máa bọ̀. Oṣù Ramadan tún ni. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Mọ́mì máa ń ka orí wa nídìí tábìlì ìṣínu, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ á wí tẹnu ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀nà là. A ti kírun tán, Missioner wa, Alfa Muhyideen, ń ṣe ìkéde. Wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ wọ ìtikáfù wá fi orúkọ sílẹ̀. Ìtikáfù ni ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn ààwẹ̀, tí èèyàn á kó wọ mọ́sálásí, tí á máa sùn níbẹ̀, tí á máa kírun, tí á máa ka Kùránì, láìjáde sí gbangba. Alfa ní ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fi ayé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, fóònù ò sì gbọdọ̀ wọlé rárá.

Àwọn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ìkéde yẹn. Èmi, ọjọ́ mẹ́wàá tí ìyá mi ò ní lè pè mí ni mo gbọ́.

Mo sọ fún Mọ́mì lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ìtikáfù wù mí í wọ̀. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n pe ìyá wọn ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn yọ̀, ọmọ àwọn ti rí ọ̀nà. Wọ́n ra jálábíà funfun tuntun fún mi. Mo wọ̀ ọ́ wò níwájú wọn, mo tún yí ẹ̀yìn kí wọ́n lè wo gígùn rẹ̀. Ojú ò tì mí nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ kún irọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, Mọ́mì sọ ọ́ ní Àsàlátù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí láàárín àwa Mùsùlùmí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ń wọ ìtikáfù, wọ́n á kọ orúkọ wọn àti ohun tí wọ́n ń tọrọ sínú ìwé, wọ́n á kó o fún un, kó lè bá wọn gbé e síwájú Ọlọ́run láwọn òru ńlá yẹn. Bí àwọn obìnrin Àsàlátù ṣe yí mi ká nìyẹn. Ìwé mọ́kànlá ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, wọ́n ká a, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Auntie Lateefat, tí wọ́n ti ń dúró de ìwé ìgbélùú láti ọdún mélòó kan, sọ fún mi pé ojú ìwé méjì ni tàwọn, kí n má bínú.

Ẹni tó gbẹ̀yìn ni Auntie Mọ̀ríámọ̀. Kídìnrín ọkọ wọn, Uncle Luqman, ti dáṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ jókòó ti ẹ̀rọ ní ọsibítù, wọ́n sì ń retí ẹni tí kídìnrín rẹ̀ máa bá tiwọn mu. Ọwọ́ méjèèjì ni Auntie fi na ìwé náà sí mi, bí ẹni pé èmi ni àgbà.

“Gafari, má jẹ́ kí ti ọkọ mi bọ́ lọ́wọ́ ẹ.”

Mo ní, “Ìnṣá Allah, Auntie.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi dá wọn lóhùn, mo sì mọ ibi tí mò ń lọ.

Mo lè kọ̀ ọ́. Mo lè sọ pé mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó lọ́kàn mi pé kí ló dé, ṣé Ọlọ́run ò sí ní Courtice ni? Mo máa ṣe àdúrà wọn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù nǹkan kan. Mo kó ìwé mọ́kànlá sínú àpò jálábíà, mo ká jálábíà sísàlẹ̀ báàgì, mo sì to ìbọ̀sẹ̀ lé e lórí.

Lọ́jọ́ tí ìtikáfù bẹ̀rẹ̀, Dádì àti Mọ́mì ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí mọ́sálásí ní Mississauga. Mọ́mì ṣe àdúrà lé mi lórí lẹ́nu ọ̀nà. Mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, mo bọ́ bàtà, mo gbé e lọ́wọ́, mo rìn gba ẹ̀gbẹ́ yàrá àlùwàlá, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde sí ibi tí Táyọ̀ páàkì ọkọ̀ sí. Gbogbo ìtikáfù tí mo ṣe lọ́dún yẹn ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́fà ní Courtice, ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, tí ẹnì kan bá kọlù ẹ́, wọ́n á fọn fèrè, ẹni náà á sì bẹ̀ ẹ́. Nínú èyí, kíkọlura gan-an niṣẹ́. Táyọ̀ á ju bọ́ọ̀lù sí mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì fi ìrọ̀rí ńlá kan gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí mo bá ṣe ń mú un. Lọ́jọ́ kìíní mo jù ú sílẹ̀ nígbà ogún. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n lè gbá mi dé ibi tó wù wọ́n, bọ́ọ̀lù á wà láyà mi.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. N óò tún un sọ kí ẹ lè gbọ́ dáadáa: mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì rí lọ.

Mo gbààwẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Màmá Táyọ̀, Auntie Gbémisọ́lá, tí í ṣe ọmọ ìjọ Ọlọ́run pọ́ńbélé, ló ń dìde ní ìdájí láti gbé sààrì fún mi. Wọ́n rò pé àwọn òbí mi mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà. Wọn ò bi mí, èmi náà ò sọ.

Ìwé mọ́kànlá ńkọ́? Ní alaalẹ́ ni mo ń sọ pé bí mo bá wẹ̀ tán, n óò ṣí wọn. Bí mo bá wẹ̀ tán, n óò fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó parí nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà ni ilé wó, èmi ò sì mọ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó gbọ́ bó ṣe lọ. Ọjọ́ yẹn ló kan Mọ́mì láti gbé ìṣínu wá fún àwọn tó wà nínú ìtikáfù. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n se mọ́ínmọ́ín, wọ́n bá mi di tèmi lọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹyin méjì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ní kí Alfa Muhyideen jọ̀ọ́ bá àwọn pe Àbdùlgàfár. Alfa ní, “Ta ni? Mo rí orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Kò wọlé o, Alhaja. Láti ọjọ́ kìíní.”

Auntie Mọ̀ríámọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, wọ́n gbé kúlà kejì lọ́wọ́. Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ah, àwọn ti gbàgbé ni, ó ti sọ pé mọ́sálásí mìíràn lòun á ti wọ̀ ọ́. Nínú mọ́sálásí, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ìyá mi parọ́ fún mi.

Wọ́n bọ́ síta, wọ́n pe gbogbo ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ní nọ́ńbà ilé rẹ̀. Nígbà tó kan Auntie Gbémisọ́lá, wọn ò tíì béèrè nǹkan kan tí Auntie ti ń kí wọn kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Wọ́n ní ọmọ náà mọ̀wàà hù, ó ń fọ abọ́, kì í fi sààrì ṣeré, àti pé ìdánwò bọ́ọ̀lù rẹ̀ ọ̀la á yọrí sí rere lórúkọ Jésù. Wọ́n tún júwe pápá náà fún wọn kí wọ́n má baà ṣìnà.

Ní ọjọ́ kejì, aago méjì ọ̀sán, mo wà ní pápá pẹ̀lú àwọn mọ́kàndínlógún mìíràn. Gbogbo wọn ń mu omi, èmi nìkan ni mi ò mu. Nígbà tí mo sáré ìgbà kẹrin, iṣan ẹsẹ̀ mi kákò, mo ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Kóòṣì tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ gbé ike omi kan wá. Ó ní kí n mu ún, àbí kí n máa lọ sílé, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Mo wo ike omi yẹn. Mo ronú kan ibi tí mo ti ń bọ̀, mo gbé e sẹ́nu.

Ibi tí mo ti gbé orí sókè ni mo ti rí wọn. Mọ́mì dúró létí pápá, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, híjáàbù wà lórí, kóòtù òtútù wà ní apá. Wọ́n ń wò mí. Omi kún ẹnu mi lọ́sàn-án ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, níbi tí kì í ṣe mọ́sálásí.

Mo lè tu ú dà nù. Mo gbé e mì. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, àfi pé ó ti rẹ̀ mí láti máa sá.

Wọ́n ní, “Àbdùlgàfár, jáde wá níbẹ̀.” Ohùn wọn ò ga. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó tóbi bí ìlẹ̀kùn yẹn yíjú sí wọn.

Mo ní, “Ẹ dúró, Mọ́mì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.”

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò sọ fún ìyá mi rí pé kí wọ́n dúró. Mo dé akoto, mo bọ́ sí ipò mi. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù náà sókè, mo fò, mo mú un bí mo ṣe ń mú ti básíkẹ́ẹ̀tì lórí àwọn tó ga jù mí lọ. Kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀, ẹnì kan ti fi gbogbo ara rẹ̀ gbá mi. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Mo ṣubú, mo yí, mo dìde, bọ́ọ̀lù wà láyà mi.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Mọ́mì ti lọ. Báàgì mi náà ti lọ.

Inú ọkọ̀ ni mo ti bá wọn. Dádì wà nídìí ìdarí, wọn ò wò mí. Mọ́mì wà lẹ́yìn, wọ́n ti tú báàgì, wọ́n sì ti to ìwé mọ́kànlá náà sórí itan wọn. Sẹ́lótéèpù wà lórí gbogbo wọn bó ṣe wà.

“Ṣé o ṣí ọ̀kankan?”

“Rárá, Mà.”

“Ti Mọ̀ríámọ̀ ńkọ́?”

“Rárá, Mà.”

Wọ́n ń kó ìwé náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi wọ ojú ọ̀nà márosẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn, mo ṣì máa bá ẹ jà sí i. Omi tí o mu, ìwọ àti Ọlọ́run ẹ lẹ jọ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lé ẹ lọ́wọ́, o sì to ìbọ̀sẹ̀ lé e lórí.”

Mo ní tí wọ́n bá ti jẹ́ kí n lọ síbi tí mo fẹ́ lọ ní gbangba, mi ò bá má parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́ fún wọn nínú ọkọ̀. Mo ṣì rò pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìwé mọ́kànlá, mo jẹ̀bi.

Nígbà tí a dé Mississauga, Mọ́mì ní kí Dádì já àwọn sílẹ̀ ní mọ́sálásí. Wọ́n kó ìwé náà dání, wọ́n wọlé, wọn ò wẹ̀yìn. Mo ṣebí wọ́n lọ fi ẹjọ́ mi sun Alfa ni. Dádì wakọ̀ títí, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n mú ẹ?” Mo ní wọ́n ní àwọn á pè. Wọ́n tún ní, “Èyí tí ẹni yẹn gbá ẹ lulẹ̀, ṣé o mú bọ́ọ̀lù náà dání?” Mo ní mo mú un dání. Dádì kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tan rédíò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti yọjú wò mí lẹ́nu ọ̀nà pápá.

Mọ́mì ò padà wálé lálẹ́ yẹn, fóònù wọn ò sì lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹgbẹ́ náà pè mí pé kí n wá sí ibùdó ìgbaradì wọn ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Mo buwọ́ lù ú lórí tábìlì ìṣínu, níbi tí èmi àti Dádì jókòó sí ti ògì tó jóná. Ayọ̀ tí mo rò pé n óò yọ̀ ò jáde tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, a kírun tán nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n yá. Mo rí Mọ́mì lọ́ọ̀ọ́kán láàárín àwọn obìnrin Àsàlátù. Wọ́n gbẹ díẹ̀. Mo ń lọ bá wọn ni Auntie Mọ̀ríámọ̀ jáde sí mi. Ọsibítù ni wọ́n ti ń bọ̀ tààrà, ojú wọn ti wú fún àìsùn. Wọ́n ní lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ọsibítù pè, kídìnrín ti dé, wọ́n ti fi í sí ara Uncle Luqman, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́.

“Gafari, o ò jẹ́ kí ti ọkọ mi bọ́ lọ́wọ́ ẹ.”

Wọ́n wá ká aṣọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ fún mi. Obìnrin tó bí ọmọ tó jù mí lọ. Mo wo Mọ́mì. Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe wò mí létí pápá.

Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n rẹ́rìn-ín, kí n ní Ọlọ́run ni ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè mi. Mo di apá Auntie mú kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀.

“Auntie, ẹ dìde. Èmi kọ́. Mi ò wọ ìtikáfù. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá, mi ò sì ṣí ìwé yín.”

Àwọn tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa kọjú sí mi. Auntie Lateefat ní, “Tèmi ńkọ́?” Mo ní, “Tiyín náà, Mà. Gbogbo rẹ̀.” Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn ní irú ọmọ wo nìyí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, tèmi tàṣọ ọdún, mo sì bẹ̀ wọ́n. Mi ò bẹ̀bẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Mo sọ ìyẹn fún wọn láti ilẹ̀ níbi tí mo wà.

Auntie Mọ̀ríámọ̀ tún aṣọ wọn ṣe.

“Mo mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀,” wọ́n ní. “Èmi ni mo gbé kúlà kejì. Ìyá ẹ ló kó ìwé wa wọ ìtikáfù lọ́jọ́ tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún pé. Wọ́n bá mi ṣí tèmi lójú mi, wọ́n sì kà á títí ohùn wọn fi há. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tìẹ ni.”

Bí mo bá ti gbà á, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ojú tí n óò máa fi wo ìyá mi láyé. Ó ku díẹ̀ kí n gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nídìí ìtàn yìí nìyẹn. Ẹni tí ohun tó wù ú bá ń pè, kó jẹ́ ìpè náà. Tí wọ́n bá ń dá a dúró, kó jà fún un. Ṣùgbọ́n kó sọ ọwọ́ rẹ̀ di òfìfo kó tó lọ. Bí ẹnì kan bá ní kó bá òun di àdúrà mú, tó sì mọ̀ pé òun ò ní ṣe é, kó dá a padà fún un níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, Mọ́mì ń bu ìrẹsì ọdún. Mo fi ìwé àdéhùn náà hàn wọ́n. Wọ́n kà á délẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n sì dá a padà fún mi.

“Mo mọ̀ pé wọ́n á mú ẹ,” wọ́n ní. “Méjìlá ni mo gbé wọlé. Mọ́kànlá tiwọn, ọ̀kan tèmi. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n mú ẹ.”

Mo ní, “Ìyẹn ò gbà, Mọ́mì.”

Wọ́n gbé abọ́ ìrẹsì síwájú mi, ẹyin méjì ló wà lórí rẹ̀.

“Mi ò tíì dìde lórí ẹní,” wọ́n ní.

Ọdún yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Lọ́jọ́ tí a bá ní ìdíje, Dádì á fi fóònù ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, Mọ́mì sì ti tẹ́ ẹní sí yàrá kejì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá kà á, n óò sì dé akoto mi.